Ta Ní Ń Rokà fún Ehoro Inú Igbó? Ọ̀rọ̀ lórí Bíbọ́ Ẹran Ọ̀sìn Kékeré ní Agbègbè Ìbà



Ìfáàrà

Nígbà tí àkòrí ọ̀rọ̀ yìí jáde, àwọn kan bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn dìde ní gbàgede yunifásítì kí ó máa sọ ohun tí ehoro ń jẹ. Mo dá wọn lóhùn pé ohun tí mo fẹ́ sọ ti pa ẹran lọ́wọ́ mi rí, àti pé lójoojúmọ́ ni ó ń pa ẹran lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní ọdún 1976 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀, tí wọ́n ń rọ olúkúlùkù pé kí ó gbin nǹkan tàbí kí ó sin nǹkan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni bàbá mi gbé ehoro mẹ́ta wọ ilé wa ní Ìbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi ni wọ́n sì fi ṣe olùtọ́jú wọn. Mo fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun kí n má rántí wọn. Bí mo bá jẹ ẹ̀bà, mo ń fi òkèlè sílẹ̀ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ, mo ń gé nínú rẹ̀. Búrẹ́dì tí ìyá mi rà bọ̀ láti ọjà Ìkìrun, èmi àti wọn ni a jọ ń pín in. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá sì ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí, mo ń kó èèpo rẹ̀ ní tútù sínú àgò wọn.

Kí oṣù kejì tó pé, méjì ti kú. Ikùn wọn wú, ó le bí awọ ìlù. Mo sunkún títí. Mo rò pé ebi ni, mo sì ń múra láti fi kún oúnjẹ ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù. Ìyá bàbá mi ni ó dá mi dúró. Ó ní, "Àjàní, ebi kọ́ ló pa wọ́n. Ta ní ń rokà fún ehoro inú igbó?" Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó já yúnyun, ó já ewé ọ̀dùnkún, ó gé eéran mọ́ ọn, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ibòji kí ó rọ díẹ̀, ó wá ní kí n gbé e fún un. Ehoro kẹta yìí kò kú. Ó pẹ́ ní ilé wa.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju àlàyé lórí ìbéèrè ìyá arúgbó yìí lọ. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ ẹran kékeré kò gbọdọ̀ wo ìkòkò ara rẹ̀. Ikùn ẹran náà ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀, kí ó mọ ohun tí Ẹlẹ́dàá dá ikùn náà láti lọ̀.

Yíyó nìkan kò tó

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ó ṣe déédéé, ohun mẹ́fà ni a ń sọ: oúnjẹ tí ń fún ara ní agbára, èyí tí ń mú ara dàgbà, ọ̀rá, àwọn èròjà kéékèèké tí à ń pè ní fítámì, àwọn iyọ̀ inú ilẹ̀ bí ẹfun tí ń mú egungun le, àti omi. Fún àwọn ẹran tí ń jẹ koríko, ìkeje ni okùn líle inú koríko fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹran ni ó nílò ohun wọ̀nyí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí ara wọn ni ìwọ̀n tí wọ́n nílò, àti ohun tí ara ẹran kan lè fúnra rẹ̀ ṣe tí ti òmíràn kò lè ṣe. Ẹran lè yó kí ó sì máa rù.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣí ayé lójú lórí èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ àjẹkù. Ní nǹkan bí ọdún 1890, dókítà ará Holland kan, Christiaan Eijkman, ń ṣe ìwádìí ní erékùṣù Java lórí àìsàn beriberi, èyí tí ń sọ ẹsẹ̀ ènìyàn di aláìlágbára. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn adìyẹ tí ó ń sìn fún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́, wọn kò lè dìde mọ́. Nígbà tí ó ṣe, ara wọn tún yá lójijì. Ó tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé ìrẹsì funfun sísè tí ó ṣẹ́kù nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fún àwọn adìyẹ náà. Alásè tuntun kan ni ó dé tí ó kọ̀ láti máa kó ìrẹsì tí a sè fún àwọn aláìsàn fún adìyẹ, ni wọ́n bá padà sí ìrẹsì tí a kò bó ìwọ̀ ara rẹ̀ dànù. Inú ìwọ̀ náà ni ìwòsàn wà. Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún ìmọ̀ fítámì, òun ni ó sì mú kí wọ́n fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkòkò ògì tiwa. Nígbà tí a bá lọ àgbàdo tí a sì sẹ́ ẹ, ohun tí ó kù nínú asẹ́ ni eèrí. Ẹ̀kọ tí ó funfun tí ó sì ń dán ni à ń gbé fún àlejò, eèrí ni à ń dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí ń ṣe ara lóore nínú àgbàdo náà ti bá eèrí lọ. Bí ènìyàn bá wá ń fi ẹ̀kọ funfun nìkan bọ́ adìyẹ tàbí ehoro nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tí ó dára jù nínú àgbàdo ni ó fi dù ú.

Ikùn kọ̀ọ̀kan àti ìṣe rẹ̀

Àwọn àgbà wa ní báyìí ni à ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí ilé ti rí ni ikùn rí. Ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan tí kò ṣọ̀wọ́n ní ilé Yorùbá kankan, èyíinì ni epo pupa. Àwọ̀ pupa inú epo yìí ni ara ọmọ ènìyàn ń sọ di fítámì A, èyí tí ń dáàbò bo ojú. Ara ajá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ológbò kò lè ṣe é. Bí a bá da odidi ìgò epo pupa sórí ẹ̀bà ológbò, kò ní rí fítámì A kan gbà nínú àwọ̀ pupa náà. Ara ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja àti eku ni ó ti gbọ́dọ̀ rí i. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé ológbò tí kò bá rí èròjà kan tí à ń pè ní taurine jẹ, ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti ẹ̀yìn. Ara ẹran àti ẹja ni èròjà yìí wà. Kò sí nínú ẹ̀kọ, kò sí nínú gàrí. Ológbò tí à ń fún ní ẹ̀bà nìkan tí kò sì fọ́jú, eku tí ó ń pa lóru ni ó ń gbà á.

Ti ajá yàtọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden ṣe àkàwé ẹ̀jẹ̀ ìran ajá àti ti ìkookò, wọ́n sì rí i pé ajá ti ní ohun tí ó pọ̀ lára rẹ̀ ju ti ìkookò lọ fún lílọ oúnjẹ oníyẹ̀fun. Pípẹ́ tí ajá ti pẹ́ lẹ́bàá ààrò ènìyàn ni ó fà á. Nítorí náà, ajá lè jẹ àmàlà kí ó sì jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmàlà nìkan kò tó o. Ó nílò ẹja, ẹyin, ẹ̀wà sísè tàbí ẹran pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì yẹra fún ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ti ológbò jẹ́. Egungun adìyẹ sísè pẹ̀lú ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ẹran kékeré kan tún wà tí kò ní ìrù, tí Òyìnbó ń pè ní guinea pig, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ń sìn. Ní ọdún 1907, àwọn ará Norway méjì, Axel Holst àti Theodor Frølich, fi oúnjẹ oníhóró nìkan bọ́ ẹran yìí. Eyín rẹ̀ mì, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó sì kú irú ikú tí àwọn atukọ̀ òkun àtijọ́ ń kú nítorí àìrí èso àti ewé tútù jẹ. Ẹran yìí kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn pẹ̀lú kò ti lè ṣe é. Ehoro ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ehoro àti guinea pig sínú àgò kan tí ó sì fún àwọn méjèèjì ní oúnjẹ gbígbẹ kan náà, ọ̀kan yóò sanra, èkejì yóò kú. Ojú lásán kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Inú ehoro

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ehoro. Ẹ jọ̀wọ́, ehoro inú igbó wa tí ìyá mi ń sọ àti èyí tí a ń sìn nínú àgò kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Láti ilẹ̀ Yúróòpù ni ti inú àgò ti wá. Síbẹ̀ ìdílé kan ni wọ́n, ikùn wọn sì jọra, nítorí náà ìbéèrè ìyá mi tọ̀nà.

Eyín ehoro kì í dẹ́kun àtidàgbà. Eyín iwájú rẹ̀ ń yọ tó nǹkan bíi mílímítà 2 lọ́sẹ̀. Koríko líle tí ó ń rún láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó ń yún un kù. Ẹ̀bà kì í yún eyín, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì kì í yún un. Ehoro tí kò rí koríko jẹ yóò di ẹni tí eyín rẹ̀ gùn kọjá ètè, tí kò lè pa ẹnu dé mọ́, tí yóò sì máa wo oúnjẹ láìlè jẹ ẹ́.

Ìfun rẹ̀ ni ó tún jẹ́ ìyanu jù. Àpò ńlá kan wà nínú ìfun náà, níbi tí àìmọye kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń ṣiṣẹ́ lórí ewé tí ó jẹ. Ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń rọ̀, ó máa ń dán, ó sì ń ṣù pọ̀ bí èso àjàrà kékeré. Ehoro ń fi ẹnu gbà á tààrà bí ó ti ń jáde, ó sì ń gbé e mì, nítorí inú rẹ̀ ni ohun tí ń mú ara dàgbà àti àwọn fítámì tí kòkòrò wọ̀nyí ti ṣe fún un wà. Ìwé Léfítíkù orí 11 ka ehoro mọ́ àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Lóòótọ́ kì í ṣe àpọ̀jẹ bíi ti màlúù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni oúnjẹ kan náà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo mọ àwọn tí wọ́n rí ehoro wọn nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n sì lù ú, wọ́n ní ó ń ṣe ọ̀bùn. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Àwọn kòkòrò inú àpò yìí ni ẹni tí ń bọ́ ehoro ń bọ́ ní ti gidi. Okùn inú koríko ni ó ń mú kí ìfun máa rìn, tí àwọn kòkòrò rere sì ń gbèrú. Bí òkèlè ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì bá ya lu wọ́n lójijì, àwọn kòkòrò búburú á gbilẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú, ìfun á dúró. Ehoro kò lè bì, kò lè gùnfẹ̀ bí ewúrẹ́. Ohun tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ jáde. Nǹkan tí ó mú ikùn àwọn ehoro mi le bí awọ ìlù nìyẹn.

Ehoro ní Ìbà: ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀

Ìbà wà ní ibi tí igbó ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn, nítorí náà koríko kò wọ́n wa. Ní ìgbà òjò, eéran àti irú rẹ̀ ni kí ó pọ̀ jù nínú àgò. Kí a fi yúnyun, ìgbálódé, ewé ọ̀dùnkún, gbúre tàbí tẹ̀tẹ̀ lé e ní ìwọ̀nba. Kí a ṣà á ní òwúrọ̀, kí a sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún wákàtí díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ dínkù. Ewé tí ó ti gbóná nínú àpò kò dára. Ehoro tí ń dàgbà àti èyí tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò kí ohun tí ń mú ara dàgbà tó bí ìdá 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀. Koríko nìkan kò lè fún un ní èyí. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà ni yóò bá a gbé e. A sì lè fi ẹ̀kúnwọ́ kékeré eèrí tí ó gbẹ dáadáa kún un.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìdánwò wà. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, ewé á gbẹ, ọmọ tí ń wá oúnjẹ ehoro á rẹ̀wẹ̀sì, á sì padà sídìí ìkòkò. Kí ìgbà náà tó dé ni kí a ti múra sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń wú ẹ̀pà, kí a má jó ewé rẹ̀. Kí a sá a, kí a dì í, kí a sì so ó rọ̀ sí àjà. Kí a gé eéran kí ó tó gbó jù, kí a sá òun náà. Omi pẹ̀lú ń kọ́? Ehoro tí ó wọn kílógíráàmù 2 lè mu tó ìdá kan nínú márùn-ún lítà omi lóòjọ́, èyí tí ń fọ́mọ lọ́mú sì lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ehoro kì í mu omi nítorí pé wọn kò rí èyí tí ń mu ún nínú igbó. Ehoro inú igbó ń lá ìrì, ó sì ń yan ewé tí omi wà lára rẹ̀. Èyí tí a tì mọ́ àgò kò ní ìrì.

Ohun tí ń pa wọ́n

Mo ka ẹ̀gẹ́ sí èkíní. Májèlé wà nínú èèpo àti ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí yunifásítì tó dé, òun ni wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án. Bí a bá fẹ́ lo èèpo náà fún ẹran, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a sá a títí yóò fi gbẹ kanrankanran, kí ó sì jẹ́ díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyenuga ti Yunifásítì Ìbàdàn ti kó ohun tí ó wà nínú oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹran ní ilẹ̀ wa jọ sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 1968. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò fi máa méfò lórí rẹ̀ mọ́.

Èkejì ni oúnjẹ tí ó bu. Ní ọdún 1960, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tí ó bu tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ fún wọn. Ehoro kò le tó tòlótòló. Àgbàdo tí a wò tí a ní kò yẹ fún ènìyàn mọ́, kò yẹ fún ehoro náà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ewé tí wọ́n tutù lójú ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣe é fún ehoro: ewé píà, ewé tòmátì, ewé kókò tútù.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti òde òní, kò sí nígbà tí ìyá mi ń fà mí lọ́wọ́. Oògùn apakoríko ti gba oko wa kan. Koríko tí a fín lánàá lè ṣì tutù yọ̀yọ̀ lónìí. Ọmọ tí a rán lọ gé eéran kò lè fi ojú mọ èyí tí a ti fín. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà fi ibi tí kò léwu hàn án, tàbí kí a ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé fún ehoro.

Àríyànjiyàn kan

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ọmọ ènìyàn kò tíì yó, ẹ wá ń sọ ti ehoro. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ehoro tí a bọ́ bí ó ti tọ́ kò bá ọmọ ènìyàn du oúnjẹ. Ohun tí ọmọ ènìyàn kò lè jẹ ni ó ń jẹ. Èyí tí a bọ́ ní ìbọ́kúbọ̀ọ́ ni ó ń jẹ ẹ̀bà àti búrẹ́dì, tí ó sì tún ń kú. A pàdánù oúnjẹ, a pàdánù ẹran, ọmọ sì sunkún.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìyá bàbá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ewé mẹ́wàá, ogún, ní orúkọ, ó sì mọ ẹran tí ń jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti bi àwọn ọmọ ní Ìbà léèrè ohun tí yúnyun jẹ́, nígbà tí a dúró lé e lórí gan-an, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá ń sin ehoro, tí a sì ń rán lọ já ewé tí ó tọ́, yóò tún mọ orúkọ wọn. Yóò sì kọ́ láti kékeré pé ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi tọ́jú ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, àfi kí ìmọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ èyí lára ehoro, ó ṣeé ṣe kí ó rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò bá ń bọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo sọ kò pọ̀. Mo ní yíyó nìkan kò tó. Mo ní ikùn ológbò, ti ajá, ti guinea pig àti ti ehoro yàtọ̀ sí ara wọn, wọ́n sì yàtọ̀ sí tiwa. Mo ní koríko, ewé tí ó yẹ àti omi ni oúnjẹ ehoro, àti pé kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé ni kí a ti sá tirẹ̀ pamọ́. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé tí ẹ wà níbí kí ẹ mú èyí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ní èdè tí wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá sì di òkèlè mú, tí ẹran kékeré kan ń wò yín lójú, tí àánú rẹ̀ ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ rántí ìbéèrè ìyá arúgbó ará Ìbà yẹn. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ń rokà fún un nínú igbó.